Imú Mak Saodah

Ẹnu mi ló kó bá mi. Odidi oṣù kan ni mo fi ń yangàn fún ìyá ìyàwó mi, Mak Saodah, pé ọ́fíìsì mẹ́ta ti pawọ́ pọ̀ báyìí: àwọn tó ń wo ojú ọjọ́, àwa panápaná igbó, àtàwọn sójà. Sátẹ́láìtì á rí iná láti òkè, ọ́fíìsì ojú ọjọ́ á fi nọ́ńbà ibẹ̀ lórí máàpù ránṣẹ́, àwa á gbé omi débẹ̀. Mo ní, "Mak, ẹ̀rọ yẹn lè ka ọ̀pẹ̀yìnbó yín lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó ní, "Kó yáa kà á dáadáa. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò sì gbin nǹkan míì lọ́dún yìí."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ńbà àkọ́kọ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ Bu Wirda, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́. Pak Rusydi, ọ̀gá wa, fìka lé máàpù. "Etí òkun ni! Zulpan, ṣáná sí mọ́tò!"

Èmi ni dẹ́rẹ́bà. Mo tẹ̀ ẹ́ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń gbàdúrà. Àwọn sójà tẹ̀ lé wa, wọ́n gbé dírónù wọn, ẹ̀rọ tó ń fò bí ẹyẹ, dání.

A débẹ̀, bàbá kan ló ń yan ẹja.

Pak Rusydi wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ tiná bọ igbó?"

"Igbó kẹ̀? Ẹja ni mò ń yan. Ẹ jókòó, ó ti jinná."

Ká má parọ́, a jókòó. Ẹnu mi ṣì kún nígbà tí Mak Saodah pè.

"Zulpan, èéfín ń jáde nílẹ̀ lẹ́yìn oko mi."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀, Mak. Sátẹ́láìtì ní etí òkun ni."

"Ṣé sátẹ́láìtì yín ní imú ni?"

"Mak, ẹ gbọ́ ná—"

"Kí ló wà lẹ́nu ẹ yẹn?"

Mo gbé e mì tegungun-tegungun. Ilẹ̀ tiwa, ewé jíjẹrà ni títí dé ìsàlẹ̀. Tíná bá wọ̀ ọ́, abẹ́ ló ń gbà bí òkété. Oko Mak sì jìnnà sí wa tó ogójì kìlómítà.

Pak Rusydi pe Bu Wirda, ó fi fóònù sí sípíkà kí gbogbo wa lè gbọ́. "Bu, ibo lẹ rán wa wá yìí?"

"Ẹ ka nọ́ńbà yẹn padà fún mi."

"Dìgírì kan, ìṣẹ́jú méjìlélógójì."

"Ìṣẹ́jú wo? Ta ló bá yín sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú? Póìntì ni mo kọ! Ẹyọ kan, póìntì, mẹ́rin, méjì!"

"Ní ọ́fíìsì tiwa, tá a bá ti rí póìntì yẹn, ìṣẹ́jú ló kàn. Ìṣẹ́jú máàpù ni, kì í ṣe ti aago; ọgọ́ta ẹ̀ ló wà nínú dìgírì kan."

"Ọgọ́rùn-ún làwa ń pín in sí!"

Sájẹ́ńtì tó ń yọ egungun ẹja lẹ́nu bú sẹ́rìn-ín. "Ìwé àdéhùn tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí, ogún ojú ewé ni. Ẹ ò rántí bi ara yín léèrè póìntì?"

Pak Rusydi kọjú sí i. "Ẹ̀yin sójà ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń kà á?"

"Àwa? Ẹ̀yin là ń tẹ̀ lé."

Pak Rusydi tún nọ́ńbà náà wá lórí máàpù: ẹ̀yìn oko Mak gan-an ni.

Ìṣẹ́jú méjìlélógójì tí ẹnikẹ́ni ò kọ yẹn jẹ wákàtí kan àtààbọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ lójú títì.

Nígbà tá a débẹ̀, Mak ti dá kòtò gbẹ́ yí ìdajì oko ká, eérú ti bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Kò kí mi. Ó kàn ń nawọ́: "Ó wà níbí. Ó ti gba ibẹ̀ yẹn lọ." Àwọn sójà fi dírónù wo ooru abẹ́ ilẹ̀. Ibi tí Mak nawọ́ sí gan-an ló ń pọ́n lójú ẹ̀rọ. A da omi títí dìrọ̀lẹ́. Nínú ọgọ́rin ìlà ọ̀pẹ̀yìnbó, mẹ́jọ jóná, ìyókù yè.

Mak wá yíjú sí mi. "Ọkọ ọmọ mi, ẹ̀rọ yín ti kà á?"

Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Pak Rusydi fi Mak sínú gúrúùpù WhatsApp ọ́fíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tá a fi gbọ́ ohùn ẹ̀ láàárọ̀ kùtù: "Èéfín wà létí odò o."

Bu Wirda dáhùn: "Mak, sátẹ́láìtì ò tíì kọjá."

"Tó bá kọjá, ẹ bá mi kí i."

Mo ti ṣáná sí mọ́tò.