Kò Pọn Dandan

Akọ̀wé ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, nítorí òun nìkan ni wọ́n gbà láti máa kọ̀wé níbi tí gbogbo àwọn yòókù ti ń ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ó bá ń kọ lẹ́tà ìfẹ́, á fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un lóṣù náà ṣàjèjì díẹ̀. Wọ́n ti ṣe irinṣẹ́ kan tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn oníbàárà wọn lórí kíláòdù, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń yá lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sí wẹ́wẹ́, bí ẹni ń pín ilẹ̀ ní pulọ́ọ̀tì, kí ẹnì kan má bàa ya wọ ilé onílé. Akọ̀wé ni yóò kọ ìwé ìlò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn ni yóò máa lò ó. Àwọn aṣojú ni, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ìwé kà, tó sì ń ṣe ohun tó bá kà níbẹ̀.

"Ènìyàn tí nǹkan ò bá yé á béèrè," Ọ̀gá wọn kìlọ̀ fún un. "Àwọn wọ̀nyí kì í béèrè. Ohun tó o bá kọ náà ni wọ́n máa ṣe."

Ó ṣàlàyé ibi tí aṣojú á kọ orúkọ ìpín sí, àti ibi tí á kọ iye àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tó lè gbà sí. Ó wá ku àyè kan, ibi tí wọ́n ti ń sọ bóyá ìpín náà á ṣí sí gbangba íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí á wà ní títì. Ó bi Onígíláàsì, ẹnjiníà tó ṣe irinṣẹ́ náà, pé, "Bí aṣojú bá fi ibí yìí sílẹ̀ láìkọ ńkọ́?"

"Màá bá ọ wò ó."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyàwó Onígíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ọkùnrin náà sì gba ìsinmi lọ. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá ń béèrè ìwé. Akọ̀wé rò ó pé, ta ni yóò ṣe irinṣẹ́ tó máa ń ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀? Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Kò pọn dandan." Ó fi ìwé ránṣẹ́, ó lọ jẹun ọ̀sán.

Bí àyè yẹn bá ṣófo, irinṣẹ́ náà ń ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Nígbà tí Onígíláàsì padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí aṣojú kan dá ìpín sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Fún ọjọ́ mẹ́rin, fáìlì àwọn aláìsàn wà ní gbangba. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i kì í ṣe ọmọlúàbí: ó da orúkọ gbogbo wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gá pe ìpàdé. "Onígíláàsì ló rán aṣojú níṣẹ́. Òun ló máa lọ."

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. "Ohun tó wà nínú ìwé ni aṣojú ṣe, sà."

"Ìwé kọ́ ni mo gbà síṣẹ́."

Akọ̀wé ti rí àkọsílẹ̀ tí aṣojú náà fi sílẹ̀: "Ìwé sọ pé kò pọn dandan. Mo fi í sílẹ̀." Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó bá àwọn yòókù jáde.

Wọ́n pín orúkọ àwọn aláìsàn fún òṣìṣẹ́, kí wọ́n máa pè wọ́n láti tọrọ àforíjì. Ogún ló kan Akọ̀wé. Nígbà tó dé orí ìkẹrìnlá, ó tún orúkọ náà kà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni, ọmọ ìyá rẹ̀, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé kò sí nǹkan? Ẹ kì í pè mí láàárọ̀."

Akọ̀wé ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ ti wá mọ̀ nìyẹn," àbúrò rẹ̀ wí. "Ọdún méjì ni mo ti ń lọ síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí Màmá gbọ́. Ẹ̀yin náà, mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ta ló fà á?"

Ó lè sọ pé ẹ̀rọ ni. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Èmi ni. Èmi ni mo kọ ohun tí ẹ̀rọ náà kà. Kò dá mi lójú, mo sì kọ ọ́."

Àbúrò rẹ̀ kò bú u. Ó kàn pa fóònù ni.

Akọ̀wé dìde, ó lọ bá Ọ̀gá. "Ẹ má lé Onígíláàsì, sà. Mo bi í léèrè, kò tíì dáhùn. Ó yẹ kí n dúró, mi ò dúró."

Ọ̀gá gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ká ní o dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀?"

"Àbúrò mi mọ̀, sà."

Wọn kò lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì gba iṣẹ́ irinṣẹ́ náà lọ́wọ́ Akọ̀wé lẹ́yìn tó tún ìwé rẹ̀ kọ pé: "Dandan ni. Bí kò bá dá ọ lójú, dúró, kí o bi ènìyàn." Onígíláàsì pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò dúpẹ́. "Mo rántí pé o bi mí," ó ní, "èmi náà sì dákẹ́." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ rí orúkọ àbúrò rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní àwọn ò lè fi ọmọ sọ́kọ̀ rẹ̀ mọ́. Ilé ìwé gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu aládùúgbò ni Màmá ti gbọ́. "Ẹyin lọ̀rọ̀," ìyá náà wí fún Akọ̀wé, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Ó yíjú sí ògiri.

Fún ọ̀sẹ̀ méje, àbúrò kò gbé fóònù. Lọ́sẹ̀ kẹjọ, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Mò ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Tí àyè bá gbà yín, ẹ wá."

Akọ̀wé dé ilé ìwòsàn náà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọlé, ó ti rù. Ó kí i, ó jókòó, àmọ́ ó fi àga kan sí àárín wọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè é, ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì yíjú padà.

"Mo lè pẹ́ o."

"Màá dúró," Akọ̀wé dáhùn.