Ìfun Olórí Asáré

Ẹ̀yin náà ti ń fura sí i, ẹ má wulẹ̀ díbọ́n: ẹni tó ń sáré láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lé e, ó fẹ́ kí wọ́n máa wo òun ni. Àwọn àgbà ní èèyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Sanmí Ọ̀ṣunbíyìí ò lé ejò, ejò ò sì lé e. Dígí ló ń lé e kiri.

Táyà ló ń tà ní Adégbayì. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ asáré kan tí gbogbo wọn ò ju mẹ́sàn-án lọ. Láràárọ̀ ni wọ́n ń sáré lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, tí wọ́n á tún sáré padà. Bí bọ́ọ̀sì bá ń kọjá, Sanmí á gbé àyà síta. Bí ọ̀nà bá dá, á máa rìn.

Nígbà tí àwọn olùwádìí dé láti yunifásítì, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tí eré ọ̀nà jíjìn ń ṣe fún àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ń gbé inú ìfun, Sanmí gbà pé torí òun ni wọ́n ṣe wá. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn ohun tí ojú ò lè rí yìí ló ń bá èèyàn da oúnjẹ, pé bí oríṣi wọn bá pọ̀, ó dára fún ara, ó sì jọ pé ẹni tó ń lo ara rẹ̀ dáadáa a máa ní wọn ju ẹlòmíì lọ. Wọn á gba ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn asáré, wọn á sì gba ti àwọn àgbẹ̀ Ìrókò, kí wọ́n lè fi wéra.

"Àgbẹ̀ kẹ̀?" Sanmí rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Àwọn tó ń jẹ láfún lọ́sàn-án, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́? Kí ló fẹ́ máa gbé inú wọn ju pákí lọ?"

Zubaidah, aránṣọ tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra o. Inú ò ṣeé wò láti ìta."

"Tèmi ṣeé wò! Bí ẹnikẹ́ni nínú ìwádìí yìí bá ní ìfun tó dáa ju tèmi lọ, kó wá gba ipò olórí."

"Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí náà sì gùn ju ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìgbọ̀nsẹ̀, àwọn tó kù fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé ike kékeré tiwọn bí ẹran jíjí. Sanmí gbé tirẹ̀ sórí tábìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi han oníbàárà méjì.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pé jọ sí Ìrókò láti gbọ́ èsì. Sanmí fi àmì-ẹ̀yẹ tó fowó ara rẹ̀ rà kọ́rùn. Leah, ọmọbìnrin tó ṣáájú àwọn olùwádìí, ní ìkọ̀kọ̀ làwọn ti fẹ́ bá oníkálukú sọ tirẹ̀.

"Ka tèmi sókè, ọmọ mi," ni Sanmí wí. "Kí wọ́n gbọ́ ọ ketekete."

"Ṣó dá yín lójú, sà?"

"Kà á!"

Leah wo ìwé. "Nínú ike ogójì, tiyín ni oríṣi ohun abẹ̀mí ti kéré jù."

Ẹnìkan béèrè ta ló wá ní jù. Màmá Mùjíbátù, àgbẹ̀ Ìrókò kan tó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ti yọ̀ǹda pé kí wọ́n dárúkọ òun. Òun ló sì ní jù.

"Èmi?" Màmá pàtẹ́wọ́. "Èmi tí mo kàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ oko, tí mo ń ru pákí bọ̀ wálé?"

Zubaidah ti ń tú ìwé àdéhùn. "Màmá, ẹ̀yin ni olórí wa báyìí."

"Olórí kín? Ṣé ẹ máa bá mi ru pákí?"

"Wọ́n ti pààrọ̀ ike!" Sanmí fò dìde. "Èmi tí mò ń sáré!"

"A yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, sà. Ti àwọn asáré mẹ́jọ yòókù dáa, kódà ó dáa púpọ̀. Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan ni? Nígbà tá a bi yín níbẹ̀rẹ̀, ẹ ní rárá."

"Oògùn? Aláìsàn ló ń lo oògùn." Ó wẹ̀yìn wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì nara. "Eré gígùn a máa ru inú sókè. Àwọn wọ̀nyí, igbó ni wọ́n ń yà sí lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ẹ ti rí kí èmi yà rí? Láràárọ̀ kí n tó jáde, mo ti gbé kápúsù méjì mì, aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò yẹn. Ìdọ̀tí ló kún inú tiwọn. Èmi ń fọ tèmi."

Leah rọra pa ìwé dé.

"Sà, oògùn apakòkòrò ni. Ohunkóhun tí eré bá kó jọ sínú yín, ó ń pa á."