Onírùngbọ̀n Ti Kó Lọ

Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onírùngbọ̀n. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹrù ni yóò kọ́kọ́ rí kó tó rí i: àwọn àga tí ọ̀kan nínú wọn kò ṣeé jókòó sí mọ́, rédíò tó ń kùn láìsọ̀rọ̀, àpótí tó kún fún ẹ̀rọ ìgẹrun tó ti kú, àti àwòrán orí oríṣiríṣi tí oòrùn ti pa lójú rẹ́ lára ògiri. Pákó kan tún wà tó máa ń gbé dábùú apá àga, kí ọmọdé lè jókòó lé e, kí orí rẹ̀ sì ga dé ojú dígí. Kò sí ọmọ àdúgbò náà tí kò tíì sunkún lórí pákó yẹn rí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó wá kí i, ó fẹsẹ̀ kọ àpótí, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ó ní àwọn ènìyàn ti ń kó ẹrù wọn dànù báyìí, ìwọ̀nba ni wọ́n ń fi sílẹ̀, ọkàn wọn sì fúyẹ́. Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fi í ṣe ẹ̀rín, àfi ìgbà tó sọ èyí tó kù.

“Bàbá mi, láàárín gbogbo ẹrù yìí, ta ló máa rí yín?”

Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti pín gbogbo rẹ̀ tán. Alágbàfọ̀ gba àwọn àga, àfi ẹyọ kan tó ṣẹ́kù fún oníbàárà, ẹni tó ń tún rédíò ṣe gba rédíò, kápẹ́ńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gba pákó. Ó kun ògiri ní funfun báláú. Nígbà tó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rí i pé ẹrù kan ṣì ṣẹ́kù. Ló bá mú abẹ, ó fá irùngbọ̀n dànù. Àṣejù, baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ló wà níbẹ̀ tí ìbá sọ fún un?

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á yọjú, á wo yàrá funfun náà, á ní ẹ má bínú, á sì yí padà. Ọ̀kan tilẹ̀ jókòó, ó gẹrun tán, ó yin iṣẹ́ náà, ó wá ní ọwọ́ rẹ̀ dára o, àmọ́ kò lè tó ti bàbá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Onírùngbọ̀n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ì bá tún sọ? Òun fúnra rẹ̀, tó bá nawọ́ sẹ́yìn láti mú òòyà, òfìfo ni ọwọ́ rẹ̀ ń bá. Tó bá fẹ́ ronú, á gbé ọwọ́ sí àgbọ̀n, kò ní rí nǹkan fà. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ ọn lójú. Ṣé ẹrù ló kó jáde ni, àbí ara rẹ̀?

Bó ṣe wà nìyẹn tí ọkùnrin kan fi gbé ọmọ rẹ̀ wọlé, ọmọ kékeré tí abẹ kò tíì kan irun rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ọ̀nà jíjìn lòun ti wá. Lórí pákó Onírùngbọ̀n ni bàbá òun gbé òun sí nígbà èwe, ibẹ̀ náà lòun fẹ́ kí ọmọ òun jókòó sí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo la ti lè rí bàbá yẹn?”

Ẹnu Onírùngbọ̀n ṣáájú ọkàn rẹ̀. “Ó ti kó lọ.”

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ó jáde. Onírùngbọ̀n dúró bí ẹni tó ṣìnà nínú ilé ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ irọ́ lòun pa, kí ló dé tó fi rọrùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu òun? Ó wo orí ọmọ náà bó ṣe ń lọ. Ó sáré bá wọn lójú títì, táwẹ́ẹ̀lì ṣì wà léjìká rẹ̀.

“Ẹ dúró. Èmi ni.”

Ọkùnrin náà wo àgbọ̀n rẹ̀ tó ń dán. Ó ní kó má bínú, ẹni tóun ń wá, irùngbọ̀n rẹ̀ balẹ̀ dé àyà. Onírùngbọ̀n kò ní ohun kan tó lè nawọ́ sí láti fi ṣe ẹ̀rí. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní orí ọkùnrin náà bó ṣe máa ń wà lórí gbogbo orí, ọwọ́ náà rìn dé ẹ̀yìn etí ọ̀tún, ó dúró.

“Irun rẹ máa ń yí lódìlódì níbí. Nígbà èwe rẹ, tí ẹ̀rọ bá ti débẹ̀, wàá ní o fẹ́ lọ tọ̀.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ló bá tún wò ó.

“Bàbá, kí ló wá dé tí ẹ fi ní ẹ ti kó lọ?”

Onírùngbọ̀n gbé ọwọ́ sí àgbọ̀n, ó tún gbé e kúrò.

“Ọmọ mi, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún ẹ. Èmi náà rò pé ó ti lọ ni.”