Ọrùn-Ọwọ́ Ẹ̀rọ Nagakubo

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé arúgbó dúró gbagidi pẹ̀lú Màmá Hatano lókè, ẹsẹ̀ ìyá náà ń mì dirodiro lókè ibùsùn.

"Ṣé ẹ fẹ́ sá mi bí ẹja ni?" ni ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún náà wí.

Àwọn oníròyìn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nagakubo kò rín. Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà, òógùn bò ó. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń kọ́ ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń gbé ènìyàn. Ilé ìtọ́jú arúgbó yìí, ní ìlú Toyama ní Japan, ló ti fẹ́ fi èyí tó sọ ọ́ di olókìkí han àwọn oníròyìn lónìí.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọn olùtọ́jú la àárín èrò kọjá. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ti ìka bọ abẹ́ ọrùn-ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ó tẹ ibì kan, apá irin sì rọra sọ ìyá kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Ẹnu ya oníròyìn kan. "Àǹtí, báwo lẹ ṣe mọ ibẹ̀?"

"Mo ti rí irú rẹ̀ rí."

Ohùn yẹn ni Nagakubo fi dá a mọ̀. Shiori Imoto ni, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Òun ló ya àwòrán ọrùn-ọwọ́ yẹn, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Nígbà tí ìwé ìwádìí nípa rẹ̀ jáde, orúkọ Nagakubo nìkan ló wà lórí rẹ̀. Shiori kò jà. Ó kàn fi yunifásítì sílẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Irọ́ Nagakubo kò tilẹ̀ pé ogún.

Nagakubo lè dákẹ́. Obìnrin náà ti bò ó láṣìírí. Ìyẹn gan-an ló tì í lójú jù.

"Òun ló ṣe é," ó sọ fún àwọn oníròyìn. "Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo jí, tí mo fi orúkọ ara mi sí."

Nagakubo tẹ̀ ba títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. "Shiori, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ẹ jẹ́ n kọjá ná, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyá fẹ́ tọ̀."

"Ó ti ń bọ̀ o!" ni Màmá Hatano pariwo.

Shiori kò dúró de ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi apá ara rẹ̀ gbé ìyá náà, ìrora sì mú un fún eyín pọ̀. Aṣọ rẹ̀ ká sókè lẹ́yìn. Nagakubo rí bẹ́líìtì líle tí àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn máa ń dè mọ́ ìbàdí. Ó ti gbó, etí rẹ̀ ti ya.

Gbogbo ọdún tí Nagakubo fi ń sọ lórí pèpéle pé nítorí ẹ̀yìn àwọn olùtọ́jú lòun ṣe ń ṣiṣẹ́, kò bi ara rẹ̀ léèrè rí ibi tí Shiori wà, tàbí ohun tó ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbé.