Ohun Tó Jó Gíà Bàbá Mi

Mẹ́fà. Mo ti kà wọ́n, mẹ́fà ni. Àbí márùn-ún ni, tí mo ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì... Jẹ́ n tún un kà. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta — ọwọ́ mi ń yọ̀, epo gíà ti bo gbogbo ìka mi — mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. Àwo kilọ́ọ̀ṣì mẹ́fà ló wà nínú ìdì yìí, mẹ́fà tó jó ni mo tú jáde nínú gíà píkọ́ọ̀pù Bàbá. Iye rẹ̀ pé. Kí wá ni mò ń kà láti àárọ̀?

Ìdì mẹ́ta ló wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú mi. Èyí tó wà lápá òsì, tuntun ni, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Èyí tó wà láàárín, tuntun lòun náà, ṣùgbọ́n ó nípọn ju ti gíà yìí lọ, àwọn tó ń fi mọ́tò fa ẹrù tó wúwo ló ń rà á. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, tòkunbọ̀ ni, ara gíà mìíràn ni wọ́n ti tú u, kò sì tíì jẹ púpọ̀. Ẹni tó ń ta páàtì fún mi ló kó wọn sílẹ̀ lánàá pé kí n yan èyí tí mo bá fẹ́, òun á wá kó ìyókù lọ́sàn-án òní. Orijínà là ń pè é. Kò sóhun tó máa tà fún ọ tí kò ní búra pé orijínà ni, títí kan okùn tó fi di ọjà. "Ìyá Onígíà," ló wí, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yan ọjà kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀, kí ló ń ṣe yín lọ́tẹ̀ yìí?"

Kò sóhun tó ń ṣe mí. Gíà bàbá mi ni o, kì í ṣe ti oníbàárà. Ṣé kí n kàn ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá kí n mú ohun tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti wà ní títú báyìí. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dá páàtì padà fún Orijínà. Àkọ́kọ́, mo ní àwọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn... Àwọ̀! Àwo tó máa wọnú gíà tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní rí mọ́, mo ní àwọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣíọ̀. Orijínà ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kó rọrùn. Ọdún méjì sẹ́yìn, ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi to gíà yìí. Bàbá jókòó, wọ́n ń wò mí. Nígbà tí mo parí wọ́n ní, "Ó dáa." Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, mo sì fi ṣoge fún oṣù mẹ́ta. Ó dáa lóòótọ́. Àwọn àwo tó ń gbé mọ́tò lọ síwájú rèé, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí wọn lára ṣì ń hàn ketekete. Àfi èyí tó ń gbé e padà sẹ́yìn. Àwo rìfáàsì nìkan ló jó. Kì í sì í ṣe jíjó kékeré. Ó dúdú, ara rẹ̀ ń ṣí, ó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́. Irin tó wà láàárín wọn ti jóná di aláwọ̀ búlúù.

Rìfáàsì nìkan. Ta ló ń fi rìfáàsì rìnrìn àjò? Èèyàn mélòó ló ń fẹ̀yìn rìn lọ sọ́jà?

Síìlì ni. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ síìlì. Bí rọ́bà síìlì bá ti gbẹ, epo ò ní lágbára láti ti àwo mọ́ra wọn, wọ́n á máa yọ̀ lára wọn títí wọ́n á fi jó. Bẹ́ẹ̀ ni. Síìlì ni... Ṣùgbọ́n mo ti tẹ síìlì yẹn. Ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Mo ti fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbé e, ó dì í mú, kò jò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dán an wò. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo fẹ́ ẹ bí ẹni pé mo fẹ́ kó jò. Mò ń bẹ rọ́bà pé kó jò.

Epo ńkọ́? Bóyá epo burúkú ni. Bí epo bá burú, gbogbo rẹ̀ ni ì bá jó, kò ní máa yan ojú. Kì í ṣe epo.

Orijínà ni! Ayédèrú ló tà fún mi lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo sọ ọ́ sí i lójú lánàá, mo ní orijínà rẹ rèé, wò ó bó ṣe jó mọ́ mi lọ́wọ́. Mo retí kó bú mi padà. Àwa méjèèjì la máa ń bú ara wa, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Kò bú mi. Ó mú àwo kan, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó wò ó, ó wá wò mí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Inú páálí kan náà ni mo ti mú èyí tó jó àtèyí tí ò jó fún yín, Ìyá Onígíà." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ tó fi sọ ọ́ kalẹ̀ yẹn ló bí mi nínú. Kí ló fẹ́ kí n mọ̀? Kí ló rí?

Èyí tó nípọn ni kí n mú. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àbúrò mi ọkùnrin náà sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù: "Àǹtí, ẹ ṣe é kó lágbára o. Bí Bàbá ò bá rí mọ́tò yẹn wà, kí ló tún kù tí wọ́n á máa ṣe?" Ó rọrùn fún un láti sọ. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, orí fóònù nìkan ló ti ń gbóhùn wọn, lórí fóònù, kò sí ohun tó ń ṣe Bàbá. Wọ́n á máa dápàárá, àbúrò mi á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Ara Bàbá le ju tèmi lọ." Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá wọn lójú pópó tó wà lẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n dúró gbagidi, tí wọ́n ń wo ilé kan lẹ́yìn èkejì. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń wá?" Wọ́n ní àwọn ń gba atẹ́gùn.

Atẹ́gùn ni wọ́n ń gbà. Àgbàlagbà ò gbọdọ̀ gba atẹ́gùn mọ́ ni?

Èyí tó nípọn. Á gba ìyà dáadáa. Kódà bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ gíà sí... kódà bí ẹnì kan bá ṣèèṣì —

Rárá. Kò ní wọlé. Bó bá sì wọlé, kò ní sí àlàfo láàárín wọn, wọ́n á máa ha ara wọn láìdúró, á tètè jó ju èyí lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ yìí fún oṣù mẹ́fà péré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni mò ń gbé e sókè gbé e sílẹ̀ fún? Orí mi ti dàrú ni. Ọ̀rọ̀ yìí tojú sú mi. Ká ní mọ́tò ẹlòmíràn ni...

Ká ní mọ́tò ẹlòmíràn ni, ǹ bá ti mọ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Ọwọ́ Bàbá ni mo ti kọ́ ọ. Ọkùnrin kan gbé mọ́tò wá nígbà kan, rìfáàsì nìkan ló jó, síìlì rẹ̀ pé, epo rẹ̀ mọ́. Bàbá wo àwo yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ gíà sí ẹ̀yìn nígbà tí mọ́tò ṣì ń sáré lọ síwájú." Ọkùnrin náà búra, ó fi ìyá rẹ̀ búra, ó fi ọmọ rẹ̀ búra. Bàbá ní kó gbé mọ́tò rẹ̀ máa lọ. "Bí mo bá bá yín pààrọ̀ àwo, ta ló máa bá mi pààrọ̀ ẹni tó ń wà á?" A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Gíà kì í purọ́. Ẹni tó wà á ló ń purọ́."

Ṣùgbọ́n Bàbá ò lè ṣe irú ẹ̀. Ogójì ọdún tí wọ́n ti ń wa mọ́tò. Bóyá ẹlòmíràn ló wà á... Ta ni? Àpò ẹ̀wù wọn ni kọ́kọ́rọ́ yẹn ń gbé, bí wọ́n bá sùn ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń fún.

Ọmọ mi sì wà níbẹ̀. Áà. Mi ò fẹ́ ro ìyẹn.

Bàbá ló ń gbé e lọ sí ilé ìwé láràárọ̀. Ọmọ ọdún méje. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́jọ́ tí mọ́tò kú sáàárín títì, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lẹ́yìn, tó jẹ́ pé Ọlọ́run ló bá wa dá a dúró. Ó délé, ó ní, "Mọ́mì, Bàbá Àgbà fa ọwọ́ gíà sẹ́yìn bá a ṣe ń lọ. Ó dún gbàà!" Mo ní kó jẹun. "Mọ́mì, ẹ gbọ́ ná." Mo ní oúnjẹ ń tutù. Ó jẹ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀: "Bàbá Àgbà bi mí pé apá ibo ni ká yà sí. Èmi ni mo fọ̀nà ilé ìwé hàn wọ́n." Mo ní wọ́n ń bá ọ ṣeré ni. Ó wò mí. Ó mọ̀ pé kì í ṣe eré. Ọmọ ọdún méje mọ̀, èmi ìyá rẹ̀ ń sọ pé oúnjẹ ń tutù.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Èmi ò tiẹ̀ sunkún, mo kàn di ojú mi pinpin.

Ìdì apá òsì ni. Èyí tuntun tó bá gíà mu. Òun ló yẹ, mo ti mọ̀ látìgbà tí Orijínà ti sọ ọ́ kalẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ kó wá pàápàá yẹ, èyí tí mo ní àwọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kò sí ìgbà kan tí mi ò mọ èyí tó yẹ kí n mú. Ọjọ́ tí mo bá tò ó tán ni mò ń sá fún. Bí mo bá tò ó lónìí, lọ́jọ́ Mọ́ńdè Bàbá á gba báàgì ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ mi, wọ́n á ní, "Ó yá, ká máa lọ." Bí mi ò bá sì tò ó, ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo gé yẹn. Ṣé kí n máa sọ pé páàtì ò sí lọ́jà? Títí dìgbà wo? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Làpálàpá ni mo sì ti ń pa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń gbé àwo sókè, mo ń gbé e sílẹ̀.

Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mi, ẹ má wa mọ́tò mọ́? Wọ́n á bínú. Wọ́n á bú mi. Wọ́n á bi mí pé mọ́tò àwọn dà, tí mi ò tíì rí i ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á —

Wọn ò bi mí.

Dúró ná. Wọn ò tíì bi mí lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi ń bi mí. Ọmọ mi ń bi mí. Orijínà ń bi mí. Bàbá tí wọ́n máa ń béèrè iṣẹ́ oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yìí kọjá lójoojúmọ́, wọ́n á ní, "O kú iṣẹ́ o," wọ́n á wo mọ́tò gbogbo èèyàn, wọn ò ní wo apá ibi tí bẹ́ǹṣì yìí wà. Kò sí gíà tí a tú ní ṣọ́ọ̀bù yìí rí tí Bàbá ò ní wá nawọ́ nasẹ̀ sí i. Èyí tó jẹ́ tiwọn gan-an, wọn ò sún mọ́ ọn. Ọjọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ fa mọ́tò náà wá, Bàbá ní, "Ìwọ nìkan ni kó o tú u. Wò ó dáadáa." Wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ìbàdí ló ń dùn wọ́n.

Wò ó dáadáa...

Wọ́n mọ̀. Háà, Bàbá mọ̀! Ọwọ́ wọn ló fà á, etí wọn ló gbọ́ ọ nígbà tó dún. Wọ́n mọ ohun tí mo máa bá nínú ẹ̀ kí n tó tú nọ́ọ̀tì kan. Wọn ò lè fẹnu ara wọn sọ pé ìgbàgbé ti ń bá àwọn jà, wọ́n wá gbé gíà fún ọmọ tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń rí i. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá mi ti ń jókòó sínú yàrá yẹn, tí wọ́n ń retí kí n wá sọ ọ́, mo sì rò pé ìbínú wọn ni mò ń bẹ̀rù. Kì í ṣe ìbínú ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Mi ò rí i rí láyé mi kí ẹ̀rù ba bàbá mi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tètè dá a mọ̀.