Awọ Tó Kọ Irun Sẹ́yìn

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, mi ò sì gba iṣẹ́ jákujàku. Ajá ló fa ẹ̀yìn ológbò mi ya, dókítà ẹranko sì fa awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bo egbò náà. Ọjọ́ tó tú báńdéèjì, mo rí i pé irun ibẹ̀ kọjú sí orí dípò ìrù.

“Dókítà, ẹ ti dorí awọ kodò! Ọmọṣẹ́ tó bá rán àràn, aṣọ onírun, báyìí, màá ní kó tú u.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Baba télọ̀, ẹ̀yin máa ń gé tiyín kúrò kẹ́ ẹ tó rán an. Àwa kì í gé e tán. A máa ń fi apá kan sílẹ̀ mọ́ ara, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ wọ inú rẹ̀, ká tó yí i bo egbò. Tí mo bá gé e nítorí kí irun lè tò, awọ yẹn á kú.”

Mo gbé ológbò mi lé ẹsẹ̀, mo ṣì ń kùn. Mo fọwọ́ pa á láti orí lọ sí ìrù bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo dé ojú àbùlẹ̀ náà, ara rẹ̀ le gbagidi. Mo bá yí ọwọ́ padà, mo rọra pa ibẹ̀ lódìlódì.

Ó dijú. Èmi dákẹ́, òun ló wá ń kùn.