Etí Ìjímèrè

"Ta ló gbẹ́ eléyìí?" Ọ̀gbẹ́ni Akíndèjì bèèrè.

Ẹkùn ńlá tí Nathaniel gbẹ́ dúró gbàgàdà níwájú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ìjímèrè kékeré kan tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère akika, ẹranko onípẹ́, tí wọn kò tíì ha ló gbé lọ́wọ́. Nathaniel la ẹnu láti dáhùn. Zipporah ìyàwó rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀, láti orí àpótí kékeré tó ti ń fi sáńpépà ha ìrù ẹkùn náà.

"Èmi ni, sà. Mo fi ń ṣeré ni."

"Eré kẹ̀? Ẹ wo ojú rẹ̀! Ó ń wò mí bí ẹni fẹ́ sá lọ."

"Lóko bàbá mi ní Etioro, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n lọ lé wọn nínú àgbàdo. Bí ìyá wọn bá ti jí tiẹ̀ tán, kì í sá kó má bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń lé e."

Ọ̀gbẹ́ni Akíndèjì rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan sí Ìkàrẹ́, ère tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ló sì wá rà. "Irú eléyìí ni mo fẹ́, madam, ṣùgbọ́n kó tóbi. Ìyá àti ọmọ láyà rẹ̀." Ó wá yíjú sí Nathaniel. "Ẹkùn yìí náà dáa o," ó ní, bí ẹni ń yin ọbẹ̀ tí kò ní jẹ.

Obìnrin tó ń jowú orogún kò ṣàjèjì sí wa. Ti Nathaniel yàtọ̀: ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń jowú. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, òun ló ń gbẹ́, Zipporah ló ń ha. Òun náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú, lásìkò tí ọjà kò tà tí ọwọ́ àwọn méjèèjì dilẹ̀. Ta ló mọ̀ pé yóò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀? Igi ọmọ̀ tó ti gbẹ dáadáa, tí Nathaniel ń tọ́jú de iṣẹ́ ńlá tirẹ̀, ni Zipporah tún wá tọrọ. Kò rí ẹnu fi kọ̀.

Bí iṣẹ́ náà ti ń jáde bẹ́ẹ̀ ni èrò ń dúró wò ó. Hafeez ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ wá di ọmọṣẹ́ báyìí?"

Nathaniel rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dénú. Nígbà tí wọ́n padà sílé ní Ọ̀kà lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti àwo iyán sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Iyán yìí ní kókó."

"Kókó báwo, Bàbá Ìtùnú?" Zipporah fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí kókó kankan níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí Zipporah lọ ra epo tí yóò fi pa igi náà lára. Ó ku Nathaniel nìkan ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yí ìjímèrè náà po, ó ń wá àṣìṣe. Ká ní ó rí ẹyọ kan péré, ara ì bá tù ú. Kò rí. Ẹranko náà kàn ń wò ó láti ẹ̀yìn èjìká, bó ti ń wo ẹni tó ń lé e.

"Etí yìí gùn jù," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò gùn jù. Ó mú ọ̀bẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ìdajì etí náà sì ti bọ́ sáàárín èérún igi. Ó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, kò mú.

Zipporah wọlé pẹ̀lú ìgò epo. Ó wo etí, ó wo ọ̀bẹ, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Ìtùnú, mo fẹ́ bá ọ tún un ṣe ni..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ẹ dí ìmọ́lẹ̀."

Ó jókòó, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré ṣe ojú ibi tí ọkọ rẹ̀ gé ní kángunkàngun, títí ó fi dà bí ibi tí ajá ọdẹ ti gé jẹ nígbà kan rí, tí egbò rẹ̀ sì ti jinná. Ì bá sàn fún Nathaniel ká ní ó bú u.

Etí yẹn gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Akíndèjì kọ́kọ́ nawọ́ sí nígbà tó dé.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ìyá yìí ti bọ́ lẹ́nu ajá rí. Ti ère kékeré yẹn kò rí báyìí. Èrò ta ni?"

Zipporah ń nu ọwọ́. "Bàbá Ìtùnú ló gé e, sà."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọ̀gbẹ́ni Akíndèjì di ọwọ́ Nathaniel mú, ó ń mì í jìgìjìgì. "Àṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe é! Orúkọ tọkọtaya ni màá ní kí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀."

Ìyìn tí Nathaniel ti ń jowú láti ọjọ́ yìí ló dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ yìí. "Ẹ ṣé, sà" ló kù tí yóò sọ. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Zipporah kò wò ó. Ó ń ká àkísà tó fi nu ọwọ́, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Ẹ má kọ tèmi, sà," Nathaniel ní. "Iṣẹ́ tiẹ̀ ni látòkè délẹ̀. Èmi gé etí ẹ̀ kó lè bàjẹ́ ni. Ìlara ni."

Ọ̀gbẹ́ni Akíndèjì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wúkọ́, ó sì pe dírẹ́bà kó wá bá wọn gbé ère sínú ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Nathaniel wá sáńpépà, ó gbé akika tí Zipporah gbẹ́ lé itan, ó sì jókòó sórí àpótí kékeré.

"Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Zipporah kọ́kọ́ kó gbogbo ọ̀bẹ tó wà nítòsí ọkọ rẹ̀, ó kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

"Ìpẹ́ rẹ̀," ó ní. "Lọ́kọ̀ọ̀kan."